Epo Ni Mo Ní, N Ò Ní Èèpo

Bí ẹ bá rí àga tí Dígí pọ́líìṣì, ẹ ò ní lè jókòó lé e. Irùngbọ̀n lẹ máa kọ́kọ́ fá nínú ẹ̀. Eṣinṣin tó bá ṣèèṣì bà sórí tábìlì tó tọwọ́ ẹ̀ jáde, yíyọ̀ ló máa yọ̀, á ṣubú yakata, á sì kán lẹ́sẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n ní olè kan tiẹ̀ wọ ilé olówó kan lọ́sàn-án gangan, ó rí ojú ara ẹ̀ lára wọ́dúróòbù tí Dígí kùn, ó rò pé onílé ló ń wo òun, ló bá dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó sì gba ojú fèrèsé sá lọ. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Dígí ló sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló gbà á gbọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ náà mọṣẹ́. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ti ń ṣe é. Káfíńtà á gé igi, á kàn án pọ̀. Dígí á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, á ha á, á kùn ún, á fi àkísà nù ún títí ara igi á fi máa dán bí orí apárí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ibi tí wọ́n ti rí orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn. Ìyá ẹ̀ nìkan ló ṣì ń fi orúkọ àbísọ pè é, ìyẹn náà sì jẹ́ ìgbà tó bá ń bínú.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí gbogbo dídán yẹn ò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹ̀, torí pé ojú náà ò sí mọ́. Bàbá Dígí ni. Ọdẹ ni bàbá tẹ́lẹ̀. Bí bàbá bá húkọ́ nínú igbó kan, ẹran tó wà nínú igbó kejì á ti máa pín ogún ẹ̀ fáwọn ọmọ. Bí bàbá ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Bí ìyá ṣe máa ń sọ tiẹ̀ ni pé ehoro ló sábà máa ń gbé wálé, ehoro náà á sì ti rù.

Ojú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ṣú pátápátá. Àwọn agbófinró bá wá, wọ́n ní ẹni tí kò ríran ò gbọdọ̀ ní ìbọn nílé. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un o, wọn ò pariwo mọ́ ọn. Alágbẹ̀dẹ tó tẹ̀lé wọn tú ìbọn náà palẹ̀, ó yọ ọ̀pá ẹnu ẹ̀, ó yọ ibi tí wọ́n ń fìka fà, ó yọ gbogbo irin tó wà lára ẹ̀ títí dé ìṣó tó kéré jù, wọ́n kó o lọ. Igi ìdí ìbọn nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, torí pé bàbá bẹ̀ wọ́n.

Àtìgbà náà ni bàbá ti ń gbé igi yẹn lé itan lójoojúmọ́ lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé. Á máa fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ológbò. Àwọn aládùúgbò sọ ọ́ ní "ìbọn aláìléyín". Bàbá ní kò burú, pé àwọn tí kò léyín ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu wọn jù.

Àárín bàbá àti ọmọ ò gún. Rédíò ló dá a sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, Dígí ta rédíò bàbá ẹ̀, ó ní olè ló gbé e. Kò sì fi mọ síbẹ̀. Ó ní olè náà ga tó òpó iná. Ó ní òun lé e la àdúgbò mẹ́ta já, pé nígbà tóun fẹ́ dì í mú, ẹ̀wù ẹ̀ ló bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, pé òun ò sì mọ ibi tóun fi ẹ̀wù náà sí. Káfíńtà jẹ́rìí. Ó ní òun rí gìgísẹ̀ olè náà kedere. Kò pẹ́ sígbà yẹn, bàbá ń fọ̀pá tálẹ̀ kọjá nídìí fèrèsé aládùúgbò kan, ó gbọ́ rédíò kan tó ń húkọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Rédíò kan ṣoṣo ló ń húkọ́ bẹ́ẹ̀ láyé yìí. Bàbá ò pariwo. Ó dúró síbẹ̀, ó gbọ́ ìròyìn tán, ó bá ń lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, bí Dígí bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, bàbá á dìde. Á kí i dáadáa, á bi í bóyá ó ti jẹun, á sì dìde. Dígí tó ń sọ fáráyé pé kò sí ohun tí ń ba òun lẹ́rù, pé òun ti gbá paramọ́lẹ̀ létí rí tó sì ń sunkún, ìdìde bàbá yẹn ni kò lè fara dà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń wá láyé ò ju pé kí òun jókòó, kí bàbá má dìde.

Ọ̀rọ̀ epo ló la ọ̀nà fún un. Ní gbogbo ọdún tí bàbá fi ń fi òróró pa irin ìbọn, igi ló ń mu èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ó mu ún yó bámúbámú. Fáníìṣì àtijọ́ tó wà lójú ẹ̀ ti dúdú, ó sì ti ń lẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú, igi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, òógùn dúdú á sì máa ràn mọ́ ṣòkòtò bàbá. Ìyá ló ń fọ ṣòkòtò.

"Ọdẹ ni mo fẹ́," ni ìyá wí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó na ṣòkòtò sókè níwájú ilé. "Ta ló wá ń bá mi kó aṣọ mẹkáníìkì wọlé? Bí igi yìí bá tún ba ṣòkòtò kan jẹ́ sí i, mo máa fi dáná."

"O ò lè fi dáná," ni bàbá dá a lóhùn. "Pẹ̀lú epo tó wà nínú ẹ̀ yìí, ilé ló máa jó."

Dígí ti inú ilé yọ. "Ẹ gbé e fún mi, Bàámi. Iṣẹ́ tí wọ́n bí mọ́ mi ni."

"Irọ́ ni wọ́n bí mọ́ ẹ. Mo wà nílé lọ́jọ́ náà."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dìde, Dígí sì kíyè sí i. Ó rọra fìdí lé etí bẹ́ǹṣì, bí ẹni tó jókòó sórí ẹyin.

"Ẹ ṣáà gbé e fún mi, ẹ wò ó. Mo yọ epo lára tábìlì òṣìṣẹ́ ilé epo rí. Epo tó jáde níbẹ̀, wọ́n fi tan iná ìlú fún ọ̀sẹ̀ kan."

"Ta ló rí i?"

"Káfíńtà wà níbẹ̀."

"Káfíńtà onígìgísẹ̀," ni bàbá wí. Ó ń fi àtàǹpàkò wá ibì kan lára igi náà, ó rí i, ó sinmi ọwọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé e kúrò lórí itan, ó nà án síwájú, sí ọ̀gangan ibi tó ti ń gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀. "Epo ni kó o bá mi yọ. Ṣó o gbọ́? Epo ni mo ní, n ò ní èèpo."

"Mo gbọ́, Bàámi. Epo."

"Kí ló yàtọ̀ láàárín méjèèjì?"

"Epo ló wọnú igi. Èèpo ni ojú igi fúnra ẹ̀."

"Fi ojú ẹ̀ sílẹ̀ fún mi bó o ṣe bá a. Inú ẹ̀ ni mo ní kó o fọ̀."

Ká ní gbogbo èèyàn ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bí Dígí ṣe gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn, ìjà ì bá ti tán láyé. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Kódà ó ń fi kọrin lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tó dé, ó tẹ́ páálí sórí tábìlì, ó gbé igi náà lé e, òun àti Káfíńtà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó yíká. Kì í ṣe igi tó kéré. Ibi tí ọ̀rùn ẹ̀ ti tín-ín-rín wà fún ìdìmú, ibi tó fẹ̀ sì wà tí ọdẹ ń gbé ti èjìká. Níbi tó fẹ̀ yẹn, ihò wẹ́wẹ́ mẹ́rin tò síbẹ̀. Bàbá ní eyín ẹkùn ni, pé ẹkùn fò mọ́ òun, òun sì ki ìdí ìbọn bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìyá ní ọmọ ajá aládùúgbò ni, tí eyín ń yọ lẹ́nu ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń gbé, igi náà ní kòtò gbọọrọ kan. Bàbá ní ẹfọ̀n ló ta á nípàá. Ìyá ní orí àjà ló ti já bọ́, pé orí ìkòkò òun ló já lé, pé òun ò tíì gbàgbé ìkòkò náà.

"Èwo nínú wọn ni òótọ́?" Káfíńtà bèèrè.

"Bàbá ni mo jọ," ni Dígí dáhùn. "Ẹkùn ni."

Ó gbájú mọ́ iṣẹ́. Ó fi oògùn tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà pa igi náà lára, èyí tó máa ń ta èèyàn lọ́wọ́ bí iná, ó sì dúró. Fáníìṣì àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń hunjọ, ó ń ru sókè. Ó fi pátákó tí ẹnu ẹ̀ ò mú rọra họ ọ́ kúrò, kó má baà ha igi lára. Ẹ̀rọ̀fọ̀ dúdú ló ń bọ́ sílẹ̀, ẹ ó ní wọ́n ń kó ojú gọ́tà. Ó fi kànìnkànìn onírin àti tínà, omi tí wọ́n fi ń la ọ̀dà, fọ èyí tó kù nínú kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀.

Ó wá kan epo. Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, torí pé ẹni tó bá fi omi ọṣẹ lé epo tó ti wọnú igi, ńṣe ló ń kí i kú ilé. Dígí lọ ẹfun kúnná, ó fi tínà pò ó títí ó fi ki, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi náà nípọn, ó gbé e síta. Oòrùn ọjọ́ yẹn, ẹ fi sílẹ̀ jàre, alángbá ń yá bàtà wọ̀. Oòrùn ń fa epo bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn igi, ẹfun ń mu ún. Ẹfun tó funfun wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó wá ràn bí ìpara. Ó gbọ̀n ọ́n dànù, ó tún lẹ òmíràn mọ́ ọn. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn lójoojúmọ́, títí ẹfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ní funfun bó ṣe wà.

Káfíńtà gbé igi náà, ó gbọ́ òórùn ẹ̀. Kò gbọ́ òórùn kankan. Ó fọwọ́ nù ún, ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Igi náà ti fúyẹ́, ó rí bí eérú díẹ̀, ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀, kòtò wà níbẹ̀, ibi tí àtàǹpàkò bàbá ti họ ọ́ sínú láti ọjọ́ tó ti pẹ́ náà wà níbẹ̀.

"Ó ti tó," ni Káfíńtà wí. "Epo ti jáde. Gbé e fún bàbá."

Ibi tó yẹ kó dúró nìyẹn. Bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tó lè fokùn so ọmọ náà mọ́ òpó, ibẹ̀ ló yẹ kó ti so ó.

Ṣùgbọ́n Dígí wò ó, ó rí i bí ẹni tó wẹ̀ tí kò wọṣọ. Ó ro ti rédíò. Ó ro bí bàbá ṣe jókòó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí kò dìde. Ó rò ó pé bí igi tó mọ́ nìkan bá lè mú bàbá jókòó, mélòó mélòó wá ni igi tó jọ̀lọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun.

"Bàbá ní epo," Káfíńtà rán an létí.

"Epo náà ni mo ń yọ. Ìwọ, o máa ń dé inú ilé láìgba ẹnu ọ̀nà ni?"

"O ti dénú ilé, o ti jáde. Kí lo tún padà sẹ́nu ọ̀nà wá ṣe?"

Dígí ti ń gbé áyọ́ọ̀nù kaná. Ó rẹ àkísà sómi, ó tẹ́ ẹ lé kòtò tí ẹfọ̀n ta nípàá, tàbí tí ẹnu ìkòkò dá sí i lára, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Ó ké ṣàà, èéfín omi bo ojú ẹ̀. Nígbà tó ṣí i, igi tó tẹ̀ wọlé ti mumi, ó ti wú bọ̀ síta, kòtò ti rọ́ kúrò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ibi àtàǹpàkò, èyí tó sì ṣẹ́ kù níbẹ̀, ó fi sáńpépà ha á kúrò. Ó fi ìyẹ̀fun igi po gọ́ọ̀mù, ó fi dí ihò eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tún dí gbogbo ojú ihò ìṣó tí irin ti jáde. Ó fi sáńpépà ha gbogbo ẹ̀, èyí tó rọ̀ tẹ̀lé èyí tó le, ó kùn ún lẹ́ẹ̀kan, ó ha á, ó tún un kùn. Igi náà wá yọ bí oyin. Àwọn ìlà tó wà nínú ẹ̀ ń ṣàn bí omi odò, ìlà tí ẹnikẹ́ni ò rí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé igi náà lulẹ̀.

Dígí gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Wò ó. Ẹni tó ni ín gan-an ò ní dá a mọ̀."

Ohun tí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń sọ nìyẹn bíṣẹ́ wọn bá dára. Káfíńtà náà ti sọ ọ́ tó iye irun tó wà lórí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ọ̀rọ̀ náà létí.

Bàbá wà lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí Dígí dé. Dígí gbé igi náà lé e lọ́wọ́, ó sì takété, ó ń retí ìyìn. Bàbá fọwọ́ kan ibi tó fẹ̀. Ó fọwọ́ lọ sí ọ̀rùn ẹ̀. Ó tún padà. Ó gbé e wọ̀n lọ́wọ́, ó gbé e súnmọ́ imú, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án, ó sì gbé e kúrò níbẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ṣèèṣì fara kan ìyàwó onílé.

"Ó dáa o," ni bàbá wí. "Iṣẹ́ ẹ nìyí?"

"Iṣẹ́ mi ni, Bàámi."

"O ṣeun. Ta ló ni ín?"

Dígí rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ ni ín."

"Tèmi dà?"

"Òun náà nìyí."

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbé igi náà, ó nà án padà sí i. "Tèmi wúwo ju èyí lọ."

"Epo ló wúwo, Bàámi. Mo ti yọ ọ́."

"Ibi tí mo máa ń fi àtàǹpàkò sí ńkọ́?"

"Mo... mo gbé e dìde."

"Eyín ẹkùn?"

"Mo dí i."

Nígbà tí bàbá tún máa sọ̀rọ̀, kò sọ ọ́ bí ẹni ń bínú. Bí ẹni tó rẹ̀ ló sọ ọ́. "Ìyàwó," ó ké sínú ilé, "wá bá mi wo nǹkan kan."

Ìyá jáde tòun tọwọ́ tútù. Ara Dígí balẹ̀. Ìyá ríran, ìyá kì í sì í purọ́. Ìyá tẹjú mọ́ igi náà, ojú ẹ̀ tàn. "Áà, èyí rẹwà o. Ta ló gbé e wá kùn?"

"Màámi, ti Bàámi ni."

Ìyá tún wò ó. Ohun dúdú kan tó ń lẹ̀, tó sì ń bà á láṣọ jẹ́, lojú ẹ̀ mọ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó fi ìka wá kòtò tí ẹnu ìkòkò ẹ̀ dá sí i lára. Kò rí i. Ó wo ọmọ, ó wo ọkọ. "Mi ò lè sọ," ló wí níkẹyìn. "Mi ò ní sọ ohun tí mi ò mọ̀. Èmi ò mọ èyí."

Dígí sáré lọ pe Káfíńtà. Káfíńtà dé, ó ń mí helehele, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, mo fojú mi rí i. Igi yín náà ni."

"Gìgísẹ̀ lo rí nígbà yẹn," ni bàbá wí. "Kí lo rí lónìí?"

Káfíńtà wo Dígí bí ẹni ń tọrọ àforíjì, ó rọra padà sí ṣọ́ọ̀bù.

"Mo búra fún yín, Bàámi."

"Má búra. O ti búra nígbà rédíò, ìyẹn ò sì tíì tutù." Bàbá fọwọ́ pa orúnkún ara ẹ̀ lára, níbi tí igi máa ń wà. "Gbọ́. Èmi náà máa ń fẹ ọ̀rọ̀ lójú. Ọmọ ajá ló jẹ igi yẹn, kì í ṣe ẹkùn. Ìyá ẹ ò purọ́. Ṣùgbọ́n ajá jẹ ẹ́. Nǹkan kan jẹ ẹ́. Èmi máa ń bù kún ọ̀rọ̀ ni, mi ò kì í bù ú kúrò. Bó o bá tà á, sọ fún mi pé o tà á. Igi ni. Mi ò ní bá ẹ jà, ọmọ mi ni ẹ́. Èyí tí mi ò lè gbà ni kó o gbé tẹlòmíràn lé mi lọ́wọ́, kó o tún dúró síwájú mi kó o máa wò mí."

Dígí gbé igi náà, ó lọ sẹ́yìn ilé. Ó tẹ́ ẹ sórí sìmẹ́ńtì nínú oòrùn, ó sì jókòó tì í. Ó mọ̀ pé epo tó ti pẹ́ nínú igi kì í tán. Bó ti wù kí wọ́n fà á tó, bí ooru bá mú, díẹ̀ á yọjú, á gba inú fáníìṣì tuntun là á jáde, ó ti ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ẹ̀kán kan péré ló ń wá. Bí bàbá bá lè gbọ́ òórùn ẹ̀kán kan, á mọ̀. Oòrùn mú. Orí Dígí ń hó. Ó yí igi náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, ó gbọ́ òórùn àtẹ́lẹwọ́ náà. Kò sí nǹkan kan. Igi náà wà níbẹ̀, ó gbẹ, ó mọ́, ó ń dán, ó ń fi ojú ara ẹ̀ hàn án. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ kan ṣoṣo ló gbàdúrà pé kí iṣẹ́ òun bàjẹ́, iṣẹ́ ọ̀hún sì kọ̀, kò bàjẹ́.

Ó jókòó síbẹ̀ títí òjìji ògiri fi bo igi náà. Ó ń gbọ́ tí bàbá ń húkọ́ níwájú ilé. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Òótọ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Irọ́ kan ṣoṣo ló kù tí bàbá ń dúró dè.

Ó dìde, ó lọ síwájú ilé, ó kúnlẹ̀.

"Mo tà á, Bàámi."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ẹ ó ní ẹrù kan ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀. "Ó ti tán," ló wí. "Ó ti tán nìyẹn. Ta lo tà á fún?"

"Ọdẹ kan tó ń kọjá."

"Ọdẹ gidi?"

"Ọdẹ gidi ni. Ó ga tó..." Dígí dúró. "Ó ga níwọ̀n."

"Ṣó rí ibi tí ajá jẹ?"

"Ó rí i. Mo sọ fún un pé ẹkùn ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbọ̀n ọ́n léjìká, omi sì bọ́ lójú ẹ̀ mọ́ ọn. Ó fọwọ́ lu bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀. "Dìde nílẹ̀. Jókòó."

Dígí jókòó. Bàbá ò dìde. Ó gbé apá lé ọmọ ẹ̀ léjìká, apá náà wúwo, ó gbóná, ó ń bi í nípa ọdẹ yẹn, bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń sọ̀rọ̀, Dígí sì ń dá a lóhùn ní kúkúrú kúkúrú. Ohun tó ń wá láti ọdún tó kọjá ló dé yìí. Ṣùgbọ́n olè ni bàbá gbé apá lé léjìká. Dígí tó ṣiṣẹ́ títí ọwọ́ ẹ̀ fi bó, kò sẹ́ni tó gbé apá lé ìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi aṣọ wé igi náà, ó fẹ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, torí pé bàbá ti ní kó lọ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ìyá wà ní ilé ìdáná, ó ń fọ abọ́.

"Ọdẹ tó rà á yẹn," ni ìyá wí láìyíjú padà. "Kí ló fẹ́ fi igi tí kò nírin ṣe?"

Dígí la ẹnu. Irọ́ tí kì í já a kulẹ̀, tó máa ń sáré wá kó tó pè é, ó dúró dè é, kò dé. Ìyá nu ọwọ́ sára aṣọ, ó bọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀, ó ṣí etí aṣọ tó wé igi náà. Kò fọwọ́ wá kòtò mọ́. Ó kàn gbé ọwọ́ lé e, ó sì wo ọwọ́ Dígí, níbi tí oògùn ti bó ìka ẹ̀ tí awọ ṣì ń ṣí.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n..."

"Má sọ fún un mọ́." Ó pa aṣọ náà dé. "Láti ìgbà rédíò, àná ló kọ́kọ́ sùn mọ́jú. Gba ẹ̀yìn jáde."

Dígí gba ẹ̀yìn jáde, igi náà wà lábẹ́ abíyá ẹ̀. Bó ṣe ń yọ sí ojú títì ló ń gbọ́ ohùn bàbá lórí bẹ́ǹṣì, tó ń sọ fún aládùúgbò kan tó dúró kí i.

"Ó tà á," ni bàbá ń wí, ohùn ẹ̀ sì lọ sókè bíi ti ìgbà tó máa ń pa ẹkùn. "Ọmọ mi tà á. Kò sẹ́ni tó fipá mú un o. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ fún mi."